Iṣẹ́ Ìdúró Tí Mo Fi Ìdọ̀bálẹ̀ Ṣe

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fíìmù ní Sharjah, díẹ̀ ló kù kí n pa òṣèré Hollywood. Mi ò bá a jà o. Mo kí i ni.

Bàbá náà ló ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irun ẹ̀ funfun bí òwú, ó dé fìlà kábọ́ì, ó sì wọ bàtà aláwọ tó gùn dé ojúgun. Wọ́n ti sọ fún mi pé ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Èmi náà, ọmọ tí wọ́n fi kòbókò kọ́ nílé, mo rí àgbàlagbà, mo sùn gbalaja sílẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Mo ń retí kó ní kí n dìde, tàbí kó fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn. Bàbá ò dúró. Ó ń rìn bọ̀ tààrà, bàtà ẹ̀ kọ́ mi léjìká, ó sì gba orí mi fò lọ bí ẹni tí kùkùté gbé lẹ́sẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Salim bhai (bhai ni ẹ̀gbọ́n lédè wọn), ará Íńdíà tó ń bójú tó iná, òun ló gbá a mú kí imú ẹ̀ tó kan sìmẹ́ǹtì.

Ọ̀gá wa, Fawaz, ará Lẹ́bánónì tó ni ilé iṣẹ́ náà, tó sì tún jẹ́ pé òun ló ń darí fíìmù, sọ̀rọ̀ gígùn kan ní èdè Lárúbáwá. Mo dúpẹ́ pé mi ò gbọ́ ọ. Nígbà tó ṣe tán, ó wá bi mí ní òyìnbó pé kí ló dé tí mo lọ sùn sójú ọ̀nà. Mo ní mo ń kí bàbá ni. Ó wo Salim bhai, Salim bhai wo òrùlé.

Bàbá fúnra ẹ̀ ló gbà mí sílẹ̀. Ó gbọn eruku fìlà ẹ̀, ó ní ẹ̀bi òun ni, ibòmíì lòun ń wò. Àmọ́ èmi tí mo wà nílẹ̀, mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti gbójú sókè kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi gan-an ló ń wò. Ó kàn ń wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ibi tí nǹkan kan ò sí ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí irú mi ṣe dé irú ibẹ̀ yẹn. Mo jáde ilé ìwé girama l'Ékòó pẹ̀lú èsì ìdánwò tí bàbá mi kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì rọra ká a padà bí ẹni tó ń da aṣọ bo òkú. Àǹtí Ráṣídá, àbúrò màámi, ló ṣàánú mi. Ó máa ń wá sí Deira ní Dubai wá ra aṣọ ọmọdé àti bàtà ní ọ̀pọ̀, á kó o sí kágò lọ sí Èkó. Ó gba visit visa fún mi pé kí n wá máa bá òun gbẹ́rù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo gbé páálí abọ́ tánganran lé èjìká. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn ọjà Naif ní Deira rí i pé mo lágbára. Wọ́n rí i. Wọ́n rí mi lórí àtẹ̀gùn, wọ́n rí àwọn abọ́ náà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Láti ọjọ́ yẹn, Àǹtí ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohun tó lè fọ́ mọ́.

Ó gba bedspace, ìyẹn àyè bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá alájọgbé, fún mi ní Abu Shagara, torí Sharjah ò wọ́n bíi Dubai, ó ní kí n máa wáṣẹ́ níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàlé mi wà nínú báàgì ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò gùn: "Káyọ̀dé, tí físà yìí bá fi lè parí, tí o ò rí ẹni tó máa ṣe físà iṣẹ́ fún ẹ, èmi pẹ̀lú ẹ la jọ ń lọlé. Mi ò lè fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ kí ọlọ́pàá máa lé e kiri ìlú onílùú."

Ilé ọ̀hún wá rèé. Bàbá mi ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Ìyànà-Ìpájà, ó sì ti sọ pé ibẹ̀ ni èmi tí mo fèèlì máa parí sí. Kí n tó kúrò, mo ti pín gbogbo bàtà mi fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo ní mi ò nílò wọn mọ́, mo ń lọ di ẹni ńlá. Mo ti sọ fún ọmọbìnrin kan ládùúgbò pé kó má dúró dè mí, kí inú ẹ̀ má baà bàjẹ́ jù. Ó ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń dúró dè mí tẹ́lẹ̀. Irú ìlú bẹ́ẹ̀, kò ṣeé padà sí lọ́wọ́ òfo. Mo bá pinnu pé mi ò lọ. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí n ṣe ní Sharjah yìí, màá ṣe é.

Salim bhai ló ń sùn ní bẹ́ẹ̀dì òkè, èmi wà ní tìsàlẹ̀. Ó ti pẹ́ nídìí iná fíìmù ní Bombay kó tó wá sí Gulf. Lọ́jọ́ kan ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé mo lè dúró lójú kan. Mo ní bhai, gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé ìwé, ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n máa ń ní kí n dúró sí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Ó ní òṣèré àgbà kan ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà wá polówó ẹ̀rọ AC, wọ́n sì ń wá ẹni tó ga tó o. Gíga mi nìkan ni ohun tí ìdánwò ò rí já gbà lọ́wọ́ mi. Báyìí ni mo ṣe ríṣẹ́.

Stand-in ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Kí kámẹ́rà tó yí, wọ́n gbọ́dọ̀ to iná: èyí tó máa kọjú sí òṣèré, èyí tó máa wà lẹ́yìn ẹ̀, èyí tó máa pa òjìji. Ó lè gba odindi àárọ̀. Ẹ ò lè ní kí àgbà òṣèré dúró síbẹ̀ kó máa yọ́ bí òrí. Torí náà, wọ́n á wá ẹni tó ga bíi tiẹ̀, wọ́n á gbé e dúró síbi tí òṣèré máa dúró sí. Wọ́n á lẹ téèpù mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Téèpù yẹn ni máàkì. Tí iná bá ti pé, o kúrò, òṣèré á rìn wọlé, á sì dúró sórí máàkì gẹ́lẹ́. Tí kò bá débẹ̀, ojú ẹ̀ á ṣókùnkùn. Tó bá kọjá ẹ̀, àwòrán á di bàìbàì. Fíìmù sì wọ́n, òkè òkun ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí lọ fọ̀, torí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ àṣìṣe.

Nígbà tí mo sọ fún Àǹtí lórí fóònù pé wọ́n gbà mí láti máa dúró, ó ní ṣé wọ́n máa sanwó fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àwọn èèyàn yìí mà lówó ju bí òun ṣe rò lọ.

Lẹ́yìn tí mo gbé bàbá lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Fawaz ti ní kí n máa lọ. Mo ti ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì mi nígbà tí bàbá ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, èmi lòun fẹ́ kó máa dúró fún òun. Fawaz wo gíga mi, ó wo tiẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó wá na ìka sí mi.

"Gbọ́, habibi, ọ̀rẹ́ mi. Tí bàbá yìí bá ṣe iṣẹ́ yìí parí láìsí wàhálà, màá ṣe físà fún ẹ. Tí wàhálà bá fi ṣẹlẹ̀, khalas, ó parí nìyẹn, èmi ò mọ̀ ẹ́ rí."

Wàhálà ò pẹ́ dé. Ẹnì kankan ò rántí pé bàbá funfun, tí èmi sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Salim bhai gbé mítà tó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ sí mi lójú, ó to iná títí ojú mi fi yọ dáadáa. Bàbá wá bọ́ síbẹ̀, ojú ẹ̀ tàn yanran bíi gílóòbù. Ẹ ò rí imú, ẹ ò rí ẹnu, fìlà nìkan lẹ rí. Wọ́n ní kí wọ́n tún gbogbo ẹ̀ tò. Salim bhai lọ ra pọ́dà ọmọdé, ó bù ú sí mi lójú àti lọ́rùn, ó ní kí n padà sórí máàkì. Mo rí ara mi nínú dígí. Mo jọ iṣu tí wọ́n fi eérú pa lára kí wọ́n tó gbìn ín. Síbẹ̀ mo dúró. Ẹni tó ń wá físà kì í bá pọ́dà jà.

Royce Tarrant lorúkọ bàbá náà, èmi ń pè é ní Bàbá Tárántì. Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n títí mo fi dárúkọ ẹ̀ fún Àǹtí. Ó ní nígbà tóun wà ní kékeré ní Abẹ́òkúta, bàbá òun gbé òun lé èjìká lọ wo fíìmù tí ọkọ̀ ìjọba máa ń gbé wá, tí wọ́n ń fi hàn lára ògiri ilé ìwé. Bàbá yẹn ló ń gun ẹṣin. Ó wá bi mí, ohùn ẹ̀ sì lọ sílẹ̀, pé ṣé kò tíì kú ni, òun fojú ara òun rí i tí wọ́n yìnbọn lù ú.

Tí wọ́n bá ń to nǹkan tí kò kàn mí, èmi àti bàbá á jókòó sí ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù tí a ti ń yàwòrán, ní agbègbè àwọn ilé iṣẹ́ ní Sharjah, lábẹ́ òjìji páànù. Màá lọ ra ṣáì, tíì tiwọn, wá, bàbá á máa sọ̀tàn. Ó ní orúkọ àbísọ òun ni Elmer Stubbs. Bàbá ẹ̀ máa ń kan bàtà irin mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin ní abúlé kan tí ọkọ̀ ojú irin ń gba ibẹ̀ kọjá láìdúró. Ó sá lọ sí California, ó ríṣẹ́ fífún ẹṣin lóúnjẹ ní stúdíò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ó ga tó gbajúmọ̀ òṣèré kan, wọ́n bá ní kó wá máa dúró fún un. Mo ní Bàbá, ẹ̀yin náà ṣe stand-in? Ó ní ibẹ̀ lòun ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí gbajúmọ̀ náà já bọ́ lórí ẹṣin, wọ́n ní kí Elmer gbé fìlà ẹ̀ dé kí iṣẹ́ má baà dúró. Kò bọ́ fìlà ọ̀hún mọ́ látìgbà yẹn.

Stúdíò bá a tọwọ́ bọ̀wé. Wọ́n ní Elmer ò ṣeé kọ sára pátákó, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tuntun láìsí oyin, láìsí iyọ̀, láìsí ẹni tó ṣe àmín. Wọ́n yọ eyín iwájú ẹ̀, wọ́n fi òmíì sí i. Wọ́n kọ́ ọ ní bó ṣe máa sọ̀rọ̀, bó ṣe máa rìn, wọ́n tún yan obìnrin tó máa mú jáde ní alẹ́ Sátidé fún un kí àwọn oníròyìn lè rí wọn. Mo ní ìyẹn ò burú jù. Ó ní mi ò tíì rí obìnrin náà ni.

Ó gun ẹṣin, ó ja ogun, ó fẹ́ ọmọ ọba. Ó kú sínú odò, ó kú sórí òkè, ó kú nínú bàálù tó ń jó, tó bá di ọjọ́ Ajé á tún gbé oúnjẹ ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó yá, tẹlifíṣọ̀n dé, àwọn èèyàn jókòó sílé, stúdíò dá àwọn òṣèré sílẹ̀, wọ́n ta àwọn ẹṣin. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bínú lọ sílé. Òun ò lọ. Ó ń bá àwọn èèyàn ṣí ilé ìtajà tuntun, ó polówó omi ọsàn, ó lọ ń ṣeré fún àwọn tó ń jẹun lálẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ní òṣèré tó bá kọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, fóònù ẹ̀ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Ọjọ́ kan tí ọkọ̀ ń gbé wa padà lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ní Deira, tí gbogbo mọ́tò ti há sójú ọ̀nà Sharjah, ló ṣàdédé bi mí.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Mo ní, "Látìgbà tí mo ti wà nílẹ̀, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní àárín ojú òun ti di èéfín, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nìkan lòun fi ń ríran. Òun rí ògiri, òun rí ilẹ̀kùn, àmọ́ ohun tó bá wà níwájú òun gan-an ni kì í sí níbẹ̀. Dókítà ní kò sóògùn. Tí àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún òun bá gbọ́, ó ti tán nìyẹn. Mo ní báwo lẹ ṣe wá ń rí máàkì. Ó ní òun kì í rí i, òun ń gbọ́ ọ lára ni. Ó fọwọ́ kan egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ó ní ní stúdíò, ara ilé tutù, iná ńlá yẹn ló gbóná. Tí ooru iná bá ti ba òun níbí, òun ti débẹ̀ nìyẹn, ẹsẹ̀ òun á dúró fúnra ẹ̀.

Mo rò ó wò. Oṣù Ògún la wà, ìyẹn August, oṣù tí ìrì Sharjah fúnra ẹ̀ ń làágùn. Ilé ìkẹ́rù tí a ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á pa gbogbo AC ibẹ̀ tí kámẹ́rà bá fẹ́ yí, kí ariwo wọn má baà bọ́ sínú fíìmù. A ń polówó AC nínú ooru tó lè se ẹyin. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ló máa mọ ooru iná yàtọ̀ sí ooru Ọlọ́run níbẹ̀?

Àwọn àwòrán kéékèèké lọ dáadáa torí ìjókòó ló wà. Ó wá ku èyí tó ṣe pàtàkì jù: bàbá máa wọlé láti ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ti aṣálẹ̀ bọ̀, á rìn dé iwájú AC, á dúró, á ṣí fìlà, á rẹ́rìn-ín, á ní atẹ́gùn tóun ti ń wá kiri gbogbo ayé rèé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ti dúró síbẹ̀ láti òwúrọ̀ pẹ̀lú pọ́dà mi, gbogbo iná ti pé.

Bàbá wọlé, ó dúró kó tó débẹ̀. Ojú ẹ̀ ṣókùnkùn. Wọ́n tún un ṣe, ó kọjá. Wọ́n tún un ṣe, ó yà sí ẹ̀gbẹ́, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Gbogbo wa ń làágùn. Mo dọ́gbọ́n sọ fún Salim bhai pé kó fi àpò yanrìn sórí máàkì kí ẹsẹ̀ bàbá lè kàn án. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kàn án lóòótọ́, ó ta á, ó sì wo ilẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé ó kọsẹ̀. Fawaz ju bébà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ sí ìdí fóònù. Kò bò ó rárá, gbogbo wa gbọ́ ọ: ó ń wá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó máa ń kọrin ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Dubai, ó ní kó wá ní ọ̀la, fìlà wà nílẹ̀, òun á dé e fún un.

Bàbá jókòó sórí àpótí. Mo lọ bá a. Mo rò pé á sọ pé ó ti sú òun. Ó ní, "Wọn ò fi ẹlòmíì rọ́pò mi rí. Èmi ni wọ́n máa ń fi rọ́pò èèyàn."

Kí n má purọ́, físà mi ni mo kọ́kọ́ rò. Mo rí búlọ́ọ̀kù bàbá mi tí wọ́n tò sínú oòrùn. Mo wá ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ ẹ̀, mo ń wo máàkì, mo ń wo bàtà bàbá. Ọgbọ́n tí mo ní ò pọ̀, torí náà kò pẹ́ kí n tó yẹ gbogbo ẹ̀ wò tán. Mo bi Salim bhai pé níbo ni àwòrán parí sí lára bàbá. Ó fọwọ́ sí ìgbànú, ó ní ibí yìí. Mo ní nísàlẹ̀ ìgbànú ńkọ́? Ó ní kámẹ́rà ò rí i.

Mo ní Bàbá, ẹ rántí ọjọ́ tí mo kí yín? Ẹ jẹ́ kí n tún kí yín.

Ó kọ́kọ́ wò mí, tàbí ó wo ẹ̀gbẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. Ó dìde.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ síwájú AC, àyà mi lórí sìmẹ́ǹtì, mo na ọwọ́ mi dé orí téèpù, mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìdọ̀bálẹ̀ wa tó pé, èyí tí bàbá mi ń fẹ́, tí èèyàn kì í fi ìgúnpá gbé àyà sókè. Fawaz fi fóònù sílẹ̀.

"Kí lo tún ń ṣe nílẹ̀?"

"Ọ̀gá, ẹ ní kí n dúró lórí máàkì," mo ní. "Mo ti di máàkì fúnra mi."

"Dìde níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí bàbá rìn lẹ́ẹ̀kan sí i, sà. Tí kò bá dáa, èmi fúnra mi ni màá bá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn gbé fìlà."

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu yẹn. Mi ò dìde. Salim bhai kàn tan iná ńlá padà. Fawaz wo gbogbo wa bí ẹni tó fẹ́ sunkún, ó ní yalla, ó yá, ẹ pa AC.

Èyí àkọ́kọ́, bàbá tẹ ìka mi mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ìdí bàtà kábọ́ì, igi ni. Mo ké. Ohùn mi wọ inú fíìmù, wọ́n ní mo ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Àmọ́ Salim bhai tó ń wo iná ní ojú bàbá yọ dáadáa, ibẹ̀ gan-an ló ti dúró kí n tó lọgun. Fawaz gbọ́ ìyẹn. Kò lé mi mọ́. Mo di ìnujú mọ́ ẹnu, mo sún ọwọ́ mi sẹ́yìn díẹ̀, mo tún na ara mi.

Mo gbọ́ ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ bàtà ẹ̀ tó ń bọ̀, kò yára, kò falẹ̀, bí ẹni tó ni ilé. Imú bàtà náà bà mí lọ́wọ́. Mo rọra fọwọ́ dì í mú bí èèyàn ṣe ń di ọwọ́ ọmọ mú níwájú títì. Ó dúró. Mi ò rí ojú ẹ̀ láti ibi tí mo wà. Ohun tí mo rí ni orúnkún ẹ̀ méjèèjì tí wọ́n ń gbọ̀n nínú ṣòkòtò, wọ́n ń gbọ̀n gan-an, mo sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀ lókè, ó tutù, ó dẹ̀, ó ń dúpẹ́ atẹ́gùn bíi pé kò sí ohun tó ń dà á láàmú láyé yìí. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òṣèré. Físà ti kúrò lọ́kàn mi. Mo kàn ń bẹ ẹsẹ̀ yẹn pé kó má yẹ̀.

Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá àṣìṣe lè wà nínú ti tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ náà ló tún dúró. Fawaz ní khalas, ó ṣí ẹ̀rọ AC fúnra ẹ̀, gbogbo wa lọ dúró síwájú ẹ̀ bí adìyẹ tí òjò pa. Bàbá ló lọ bá a pé òun fẹ́ sọ òótọ́ ojú òun fún un. Fawaz ní òun ti mọ̀ látìgbà tí ó ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀, fíìmù ló ṣe pàtàkì, fíìmù sì ti wà nínú agolo. Ó yí sí mi, ó ní kí n mú pásípọ́ọ̀tù mi wá lọ́la.

Nínú gbogbo orúkọ iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ ìjọba, kò sí ẹni tó ń dúró. Ọkùnrin tó bá wa ṣètò ìwé kọ kápẹ́ńtà síbẹ̀ fún mi. Títí dòní, tí wọ́n bá ní kí n kan ìṣó, ìka mi ni mo máa kàn. Bàbá Tárántì padà sí Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo ní àwọn ará ilé mi ò gbà pé mo ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní ìdúró lásán ni. Ó ní, "Ẹni tó ń dúró yẹn ló kọ́kọ́ ṣe fíìmù náà. Àwa òṣèré kàn ń tún un ṣe ni." Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, ó sì ti ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀ fún ẹni tó bá bi í, ìdí nìyẹn tí ẹnu mi fi gbà á láti sọ. Èmi ṣì wà nídìí iṣẹ́. Mo ti dúró fún ìyàwó, mo ti dúró fún dókítà, mo ti dúró fún fìríìjì. Tí wọ́n bá gbé ẹni tuntun wá kí n kọ́ ọ, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ dùbúlẹ̀ kó wo òṣèré láti ìsàlẹ̀. Wọ́n máa ń rò pé mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí Àǹtí tún padà wá ra ọjà, ìpolówó náà ti ń jáde. A jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kágò kan ní Deira, wọ́n ń lẹ páálí ẹ̀, àwọn oníṣòwò Nàìjíríà mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró de tiwọn. Tẹlifíṣọ̀n wà lókè. Bàbá Tárántì yọ sí i, ó rìn, ó dúró, ó ṣí fìlà. Mo fò dìde, mo ní èmi rèé. Ọkùnrin kan tó jókòó lórí ẹrù ẹ̀ ní ibo lo wà. Mo ní nísàlẹ̀, nílẹ̀, kámẹ́rà ò débẹ̀. Ó ní òun náà wà níbẹ̀, ẹ̀yìn AC lòun wà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ní òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn jáde. Mo jókòó.

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo òkè títí ìpolówó náà fi tún jáde. Ó fa àga ẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí wọ́n dákẹ́. Ó wo bàbá láti ẹnu ọ̀nà títí tó fi dúró. Ó wá yíjú sí ọkùnrin tó wà lórí ẹrù.

"Ẹ̀yin ò rí bó ṣe dúró ni? Èèyàn kì í dá dúró báyẹn. Ẹnì kan ló dì í mú."